Mo rán wọn lọ sí Gbági, wọ́n fi orúkọ mi gba àwìn: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé aṣọ ni mò ń rán l'Akobo n'Íbàdàn níbí, mo sì máa ń ta aṣọ ẹbí mọ́ ọn. Ó ti lé lọ́dún kan tí mi ò ti fẹsẹ̀ ara mi tẹ ọjà aṣọ Gbági, torí mo ní àwọn abánirajà kan tí mo máa ń rán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bi mí pé àwọn wo ni, ṣé iṣẹ́ wọn dáa. Mi ò ní dárúkọ wọn o, torí ọ̀rọ̀ ti yanjú, obìnrin tó ni iṣẹ́ náà sì wá bẹ̀ mí délé, àmọ́ mo máa sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí, ibi tó dùn àtibi tó korò, torí ohun tójú mi rí níbẹ̀, ká ní kì í ṣe pé ọmọ àbúrò ìyá mi jẹ́ lọ́yà ni, owó ńlá ni ǹ bá fi kọ́ ọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, iye yáàdì, àwọ̀, àti iye owó tí wọn ò gbọdọ̀ kọjá. Owó iṣẹ́ wọn nígbà yẹn jẹ́ ₦3,500 tó bá jẹ́ Gbági tuntun, ₦4,000 tó bá jẹ́ Àlẹ́ṣinlóyè, tí ọjà bá wá lé ní ₦200,000 wọ́n á gba náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á pè yín lórí fídíò níwájú ọlọ́jà gan-an, ẹ máa rí aṣọ, ẹ máa gbọ́ ohùn ọlọ́jà, ẹ̀yin náà lè dá sí i kẹ́ ẹ bá wọn ná an. Kí oòrùn tó wọ̀, ọlọ́kadà wọn ti gbé e dé. Ẹni tó bá ti há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ìwó Road rí lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú àpò léèsì lórí itan, mi ò ní láti ṣàlàyé fún un ìdí tí mo fi ń sanwó yẹn.

Wọ́n sì mọ aṣọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ n parọ́ mọ́ wọn. Ọmọkùnrin tí wọ́n yàn fún mi, tó bá ti fọwọ́ ra léèsì báyìí, á sọ fún yín pé eléyìí á ṣí, eléyìí ò ní ṣí. Lọ́jọ́ kan mo ní kó ra 40 yáàdì léèsì aláwọ̀ wáìnì, iná ò sí, fóònù mi ti kú, ọmọ yìí pè mí títí kò rí mi. 28 yáàdì péré ló kù lọ́wọ́ ẹni tí a máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ló ṣe? Ó gé apá kan láti ara ẹ̀, ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì kẹta, ó fi wé tiwọn títí tó fi rí èyí tó bá a mu rẹ́gí, ó ra 12 tó kù, ó fi ₦200 wọ́n lórí yáàdì kan àmọ́ àpapọ̀ ẹ̀ ò kọjá iye tí mo pè. Ẹ gbọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, ohun tó ṣe gan-an nìyẹn.

Lọ́yà wa ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òwe yẹn, òfin ni. Ó ní àṣẹ tí èèyàn fẹnu sọ wà, àṣẹ tí èèyàn ò sọ àmọ́ tó wà nínú iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ náà wà. Ẹni tẹ́ ẹ bá rán lọ ra aṣọ, ẹ ti fún un láṣẹ láti ná an, láti ní kí wọ́n gé e, láti wá ẹni tó máa gbé e, ẹ ò lè jókòó máa kọ gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ni pé kó kọjá ààlà tẹ́ ẹ fà fún un.

Ibi tí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ti já bọ́ ni ọ̀rọ̀ èènì. Alhaja tá a máa ń ra léèsì lọ́wọ́ wọn pè mí lọ́jọ́ kan, wọ́n kàn fẹ́ kí mi ni, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé ẹ rí ààbọ̀ yáàdì tí mo fi sí i ṣèènì, mo tún yọ ₦500 lórí yáàdì kọ̀ọ̀kan fún yín torí kọ́sítọ́mà ni yín." Èènì wo? Mo lọ wo rìsíìtì, iye tó pé pérépéré ni wọ́n kọ síbẹ̀, 40 yáàdì, kò sí ìdínkù kankan. ₦20,000 tó yẹ kó wà lápò mi ti wọ àpò ẹlòmíì, mo sì tún ti sanwó iṣẹ́ fún wọn lọ́tọ̀. Mo pe obìnrin tó ni iṣẹ́ náà, ó ní, "Ẹ má bínú mọ̀mí, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tí ọlọ́jà bá fún abánirajà, tiwa ni." Ohùn ẹ̀ ò tiẹ̀ jọ ti ẹni tó ń parọ́, ó dá a lójú.

Ni mo bá bi lọ́yà wa pé ta ló ni èènì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kóòtù ti dá a láti ọdún 1905. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hippisley gbé ẹrù fún àwọn oní-gbàǹjo kan kí wọ́n bá òun tà á, ó máa san kọ́mísọ́ọ̀nù, ó sì máa dá owó tí wọ́n bá ná lórí ìpolówó padà fún wọn. Àwọn tó tẹ̀wé àtàwọn tó polówó yọ owó fún àwọn oní-gbàǹjo yìí, àmọ́ iye tó pé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Hippisley, àwọn náà ní àṣà iṣẹ́ àwọn ni. Kóòtù ní kí wọ́n dá owó tí wọ́n yọ fún wọn yẹn padà, olówó ọjà ló ni ín. Àmọ́ torí pé wọn ò fọkàn jìbìtì ṣe é, wọn ò gba kọ́mísọ́ọ̀nù lọ́wọ́ wọn. Ká ní jìbìtì ni, wọ́n lè pàdánù owó iṣẹ́ gan-an. Èmi tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún, mi ò mọ̀ pé ó dé ibi ààbọ̀ yáàdì. Mo ka ìtàn Hippisley fún obìnrin yẹn lórí fóònù, ó dákẹ́ díẹ̀, lọ́jọ́ kejì ₦20,000 wọ akáǹtì mi. Ààbọ̀ yáàdì yẹn ṣá, mi ò rí i dòní, ọmọbìnrin kan ti fi rán búláòsì ní ibì kan n'Íbàdàn yìí.

Látìgbà yẹn mo ní Alhaja ni màá máa sanwó fún tààrà. Mo rò pé mo gbọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wọlé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni nẹ́tíwọọ̀kì dà wá láàmú tí tiránsífà ò wọlé, Alhaja ní kí ọmọ yẹn máa gbé ọjà lọ, kí n san án tó bá di alẹ́. Mo san án lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nígbà tó yá, iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fà, mo ránṣẹ́ láàárọ̀ wọn ò dáhùn títí di ọ̀sán, ìyàwó kan fẹ́ẹ̀ gbé aṣọ ẹbí lé mi lórí ní Mókọ́lá torí ìyẹn. Mo pe ọ̀gá wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná, mi ò ní rán yín mọ́, ó ní kò sí wàhálà. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ sọ ọ́, ó parí síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, Alhaja pè.

"Ìyá Ìbejì, ẹ ò tíì sanwó o."

Mo ní owó wo, mà? Wọ́n ní léèsì oríṣi méjì tí ọmọ yín wá gbé, ₦186,000. Mo ní mi ò rán ẹnikẹ́ni wá. Wọ́n ní ọmọ yẹn náà ni, tó máa ń pè yín lórí fídíò, ó wọ pólò iṣẹ́ wọn, ó gùn ọ̀kadà wọn, ó ní nẹ́tíwọọ̀kì ò dáa pé ẹ máa san án lálẹ́. Orí mi fò lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, aláǹkárá kan tí mi ò rí rí láyé mi tún pè mí láti láìnì míì nínú Gbági, ó ní òun gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ní éjẹ́ǹtì Ìyá Ìbejì l'Akobo lòun, ó gbé àǹkárá ₦94,000 lọ láwìn.

Mo gbé gbogbo ẹ̀ tọ lọ́yà wa. Lójú tèmi ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì, mi ò rán an, mi ò ní san. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ máa san ti Alhaja. Ẹ ò ní san ti aláǹkárá."

Mo pariwo. Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó bi mí pé láyé àtijọ́ tí ọba bá rán ìránṣẹ́ sí ìlú míì, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọba ló rán an lóòótọ́? Mo ní ọ̀pá, ìránṣẹ́ á mú ọ̀pá ọba lọ́wọ́. Ó ní ó dáa, tí ọba bá wá bínú lé ìránṣẹ́ náà kúrò láàfin àmọ́ tí kò gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹ̀ ńkọ́? Ẹnu mi wọhò. Ó ní ìpè fídíò tẹ́ ẹ máa ń ṣe pẹ̀lú ọmọ yẹn níwájú Alhaja, àwìn méjì tẹ́ ẹ san láìjanpata, ọ̀pá yín nìyẹn, ẹ̀yin lẹ fi lé e lọ́wọ́. Nígbà tẹ́ ẹ ní kó má jẹ́ṣẹ́ mọ́, ọ̀gá ẹ̀ lẹ sọ fún, ẹ ò sọ fún Alhaja. Ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àtàwọn yẹn, Alhaja ò sí níbẹ̀, ohun tójú wọn ti rí láti ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n mọ̀.

Ó wá sọ ìtàn kan fún mi tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ tèmi gẹ́lẹ́. Ọdún 1857, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Solomon ní ṣọ́ọ̀bù wúrà àti ẹ̀ṣọ́, ó fi ẹnì kan síbẹ̀ kó máa bójú tó o. Ẹni yẹn á gba ọjà láwìn lọ́wọ́ àwọn Summers, Solomon á san án, ó ti mọ́ wọn lára bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá ẹni yìí fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó tún lọ gba ọjà lórúkọ Solomon, ó sì gbé e sá lọ. Solomon ní òun kọ́, ẹni yẹn ò bá òun ṣiṣẹ́ mọ́. Kóòtù ní wà á san án, o ò sọ fún Summers pé ó ti lọ. Mo ní 1857 kẹ̀, nígbà tí Ìbíkúnlẹ̀ ṣì jẹ́ Balógun níbí! Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, títí dòní ó ṣì múlẹ̀, torí Nàìjíríà ò ní ìwé òfin kan ṣoṣo tó kó gbogbo ọ̀rọ̀ éjẹ́ǹtì pọ̀, ìdájọ́ àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí àtàwọn tí kóòtù tiwa ti dá ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Aláǹkárá wá ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Kò rí mi rí, kò bá mi sọ̀rọ̀ rí, mi ò san kọ́bọ̀ fún un rí. Ẹnu ọmọ yẹn nìkan ló gbà gbọ́, éjẹ́ǹtì ò sì lè fẹnu ara ẹ̀ fi ara ẹ̀ joyè, ẹni tó ránni ló gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí ọlọ́jà máa rí tó máa fi gbà pé ó rán an. Tó bá kàn jẹ́ ẹnu lásán, ọmọ yẹn ni aláǹkárá máa dì mú, torí ẹni tó bá ní òun ní àṣẹ tí kò sì ní in, á san ohun tẹ́ni tó gbà á gbọ́ pàdánù, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé ọkàn tó mọ́ ló fi sọ ọ́. Ìyẹn náà, 1857 ni wọ́n dá a, ẹjọ́ Collen àti Wright, ọ̀rọ̀ oko tí éjẹ́ǹtì kan fi háyà kọjá àṣẹ tí wọ́n fún un. Ó jọ pé ọdún yẹn ò dáa fáwọn éjẹ́ǹtì rárá.

Àmọ́ ẹ gbọ́ bí mo ṣe fẹ́ẹ̀ fọwọ́ ara mi ba ti aláǹkárá jẹ́. Ọmọ yẹn ò tíì ta àǹkárá náà tán, ó kó èyí tó pọ̀ jù sí ọ́fíìsì wọn kó tó pòórá. Ọ̀gá wọn kó o wá bá mi, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gba èyí kẹ́ ẹ máa tà á, kẹ́ ẹ fi dí ara ti Alhaja." Ẹ wò ó, àǹkárá yẹn dáa o, àwọn ẹgbẹ́ kan ní Bódìjà sì ń wá irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Mo ti ń ṣírò èrè lọ́kàn. Mo kàn ní kí n sọ fún lọ́yà wa ná, ó fẹ́ẹ̀ fò jáde látinú fóònù. Ó ní ẹ má fọwọ́ kàn án! Ó ní orúkọ yín lọmọ yẹn fi rà á, tẹ́ ẹ bá gbà á tẹ́ ẹ tà á, ẹ ti fọwọ́ sí iṣẹ́ tẹ́ ò rán nìyẹn, òfin á sì ka a sí bíi pé láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ti rán an, gbogbo ₦94,000 á wá di tiyín. Èèyàn ò lè mú ẹran inú ẹ̀ kó fi eegun sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbà á, gbogbo ẹ̀ lẹ gbà. Mo kó àǹkárá padà fún aláǹkárá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, a kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdì méjì ló dín, òun àti ọmọ yẹn ni wọ́n jọ máa yanjú ìyẹn.

Mo san ₦186,000 fún Alhaja. Ó dùn mí wọ egungun, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ Alhaja ò ṣẹ̀ mí. Mo wá kọjú sí àwọn abánirajà. Ọ̀gá wọn kọ́kọ́ ní ọmọ yẹn fi ìwà ara ẹ̀ ṣe é ni, òun ò jẹ nínú ẹ̀, òun sì ti lé e. Lọ́yà wa ló bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni o, kò halẹ̀ mọ́ ọn. Ó sọ fún un nípa opó kan tó ń jẹ́ Lloyd, tí akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan fi ọgbọ́n jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé tó gbé ilé ẹ̀ fún akọ̀wé náà. Àwọn lọ́yà yẹn ò mọ̀, wọn ò jẹ nínú owó ẹ̀, síbẹ̀ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lẹ́bi lọ́dún 1912, torí àwọn ni wọ́n fi akọ̀wé yẹn síwájú àwọn aráàlú. Ó ní pólò yín ló wọ̀, ọ̀kadà yín ló gùn, ẹ̀yin lẹ yàn án fún wọn, ẹ sì gbọ́ pé kẹ́ ẹ má jẹ́ṣẹ́ fún wọn mọ́. Obìnrin yẹn ò jiyàn pẹ́. Ó san ₦100,000 lójú ẹsẹ̀, ó pín ₦86,000 tó kù sọ́nà méjì, ó sì san án pé bó ṣe sọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣì ní ìràwọ̀ mẹ́ta, torí mo mọ àwọn tó jẹ́ pé bílọ́ọ̀kì ni wọn ì bá kàn fi yín sí.

Mo ti padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ rìn Gbági lọ́sàn-án kẹ́ ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀. Àmọ́ a ti tún un ṣe. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà báyìí fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, èmi ni mò ń fi ránṣẹ́ sí ọlọ́jà tààrà, tẹ́ni tó wá ò bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má fún un ní yáàdì kan. Mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ọlọ́jà márààrún tí mo máa ń rà lọ́wọ́ wọn pé mi ò gba àwìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórúkọ mi mọ́, ì báà ṣe ọmọ bíbí inú mi, Alhaja sì fi ohùn dáhùn pé àwọn ti gbọ́, mo tọ́jú ohùn náà. Mo tún sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n bá yàn fún mi kò gbọdọ̀ rán ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó bá rẹ̀ ẹ́, òun ni mo gbára lé, mi ò mọ ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó tún kù síbì kan: wọ́n ti ń kó àǹkárá tiwọn náà sọ́jà báyìí, mo sì ní kí wọ́n máa sọ fún mi tó bá jẹ́ ọjà tiwọn ni wọ́n fẹ́ tà fún mi, torí ẹni tí mo rán lọ rajà ò lè tún yí padà di ọlọ́jà níkọ̀kọ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Mò ń wò wọ́n.

Nǹkan tí mi ò tíì fẹ́ràn: fóònù wọn kì í lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, owó iṣẹ́ wọn sì ti di ₦4,500.

Ọmọbìnrin tuntun kan ni wọ́n yàn fún mi. Sátidé tó kọjá ó gbé léèsì 25 yáàdì dé, rìsíìtì wà nínú ẹ̀, ₦300 ni Alhaja yọ lórí yáàdì kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà. Lábẹ́ ẹ̀, nínú nálọ́ọ̀nù dúdú kékeré kan, ó ká ààbọ̀ yáàdì sí i, ó fi bírò kọ "èènì Ìyá Ìbejì" sí ara ẹ̀.